Ìjókòó Ẹni Tí Kò Tíì Dé

Títí di òní olónìí, tí mo bá dé ilé onílé tí wọ́n ní kí n jókòó, mo máa ń kọ́kọ́ béèrè pé, "Ta ló ni àga yìí?" Àwọn ọmọ mi a máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ogbó ti ń dé sí bàbá. Kì í ṣe ogbó. Ẹ̀rù àga ni, ó sì ti pẹ́ lára mi ju irùngbọ̀n mi lọ. Ayé Òyìnbó ni mo ti kó o, nígbà tí Sàngó lẹ́bàá Ọ̀tà ṣì jẹ́ igbó àti ọ̀nà lọ́rì, tí kò tíì sí ilé iṣẹ́ kankan tó ń tú èéfín níbẹ̀.

Bàbá mi ni onígbàjámọ̀ àdúgbò wa ní Ọ̀tà. Iwájú ilé wa ló ti ń fá orí, lórí àga onígi kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, tó fi jẹ́ pé gbogbo ẹni tó bá jókòó lé e ni í gbé orí sọ́wọ́ òsì bí adìyẹ tó gbúròó àwòdì. Mùsùlùmí tí kì í pa ìrun jẹ ni, ọwọ́ rẹ̀ sì tutù débi pé àwọn ọmọ ọwọ́ máa ń sùn lábẹ́ abẹ rẹ̀. Mo rí ọkùnrin kan tó sùn lọ, tó lálàá, tó jí, tó sì rọ́ àlá náà fún wa tán, kí bàbá mi tó dé ẹ̀yìn etí rẹ̀ kejì.

Ọkùnrin mìíràn ló wà lórí àga náà lọ́jọ́ tí tíṣà wa gbé lẹ́tà kọ́lẹ́ẹ̀jì dé. Wọ́n ti fá ìdajì orí rẹ̀, ó ku ìdajì. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ ènìyàn di tíṣà ni, ó wà lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Mo ti ṣe ìdánwò wọn, mo sì ti ń fọkàn rìn kiri ọgbà wọn pẹ̀lú bàtà tí n kò ní. Bàbá mi dá abẹ dúró sí àárín orí oníbàárà rẹ̀.

"Kí ni wọ́n wí?"

Tíṣà wo ìwé náà, ó tún wò mí. "Wọ́n ní ó yege, bàbá. Ṣùgbọ́n kò sí àyè."

"Ẹni tó yege tí kò rí àyè, kí ló fi yàtọ̀ sí ẹni tó fìdí rẹmi?"

"Ó yàtọ̀ o. Iye bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ní ni wọ́n fi ń mú ènìyàn. Àwọn tó ṣáájú ti gba bẹ́ẹ̀dì tán. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń fi àwọn mìíràn pamọ́ sẹ́yìn, àwọn adúródè. Lọ́jọ́ ìwọlé, bí oòrùn bá wọ̀ tí ẹnì kan lára àwọn tí wọ́n mú kò bá dé, ọ̀gá wọn, Òyìnbó, á pe adúródè kan wọlé dípò rẹ̀. Ọmọ yín ni àkọ́kọ́ nínú àwọn adúródè."

"Bí gbogbo wọn bá wá dé ńkọ́?"

"Ó parí nìyẹn. Bí ọdún bá yí, wọ́n á gbé fọ́ọ̀mù tuntun jáde, kálukú á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọn kì í gbé adúródè èṣí wọ ọdún tuntun." Tíṣà rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọjọ́ orí tiẹ̀ sì ti dé etí. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, wọn ò ní gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ẹ̀ mọ́. Ọdún yìí náà ni."

Ìgbà yẹn ni ọkùnrin olórí ìdajì dá sí i. "Ẹ jọ̀ọ́, ta ni wọ́n mú ní Ọ̀tà níbí?"

"Ẹnì kan ṣoṣo ni. Ọmọ ìyá aláró."

"Háà." Ó fọwọ́ pa apá orí tó ṣì ní irun. "Ìyẹn ni pé ọmọ onígbàjámọ̀ ń dúró kí ọmọ aláró má dé."

Ó wò mí, ó wo abẹ tó wà lọ́wọ́ bàbá mi, ó sì rọra yọ ara rẹ̀ lórí àga bí ẹni tó ń yọ ẹsẹ̀ nínú pańpẹ́. Bó ṣe lọ pẹ̀lú ìdajì irun nìyẹn. Ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń sọ ọ́. Nígbà tó fi máa sọ ọ́ dé òpin ìlú, ìdajì tí wọ́n fá ti hù padà dọ́gba pẹ̀lú ìkejì. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo pa, kó lọ wọ̀n ọ́n wò.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọmọ Ọ̀tà, ẹ ti gbọ́ ohun tí ayé ń sọ nípa wa àti àjẹ́. Wọ́n ní bí ará Ọ̀tà bá yin eyín ọmọ rẹ, kí o tètè lọ ra ẹ̀kọ mímu sílẹ̀. Èmi ò ní sọ pé òótọ́ ni, n kò sì ní sọ pé irọ́ ni, torí ẹran tí wọ́n ń fi sí oúnjẹ mi nígbàkúùgbà tí mo bá rìnrìn àjò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún yín: kò sí ìlú tó bẹ̀rù Ọ̀tà tó Ọ̀tà fúnra rẹ̀. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣe mọ́, mo kí ìyá kan pé ẹ kú àárọ̀, ó fi ìró bo ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ lórí. Mo yà sí ìdí omi, gbogbo wọn ní kí n kọ́kọ́ pọn. Ẹni tí kò bá ti rí i kí àwọn obìnrin yọ̀ǹda omi fún un láìbá a jà, kò mọ ohun tí ẹ̀rù ń jẹ́.

Ìyá aláró fúnra rẹ̀ dé kí oòrùn tó mú. Ilé kejì sí tiwa ló ń gbé. Obìnrin gíga ni, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dúdú bí ojú ọ̀run òjò títí dé ìgúnpá, ohùn rẹ̀ sì le débi pé tó bá pariwo lórí aṣọ tútù, aṣọ náà á gbẹ. Lọ́jọ́ yẹn kò pariwo. Ó dúró sí ìta gbangba, kò fẹsẹ̀ kan ojú ìloro wa.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá onígbàjámọ̀."

"Ẹ ṣé, ìyá aláró. Ẹ wọlé wá."

"Mi ò wọlé. Ibi tí mo dúró sí yìí tó mi. Mo ní kí n wá sọ fún yín pé ọmọ mi ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó máa lọ, ó sì máa dé. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀fọ́rí bá fọ́ ọ lásán, mo mọ ilé tí màá wá."

"Ìyá aláró! Ọwọ́ mi yìí ló fá orí ọmọ yẹn lọ́jọ́ ìkómọ rẹ̀."

"Mo mọ̀. Lọ́jọ́ náà, kò tíì sí ẹni tó ń dúró de àga rẹ̀."

Ó yí padà, ó lọ. Bàbá mi pa abẹ dé. N kò rí i kó pa á dé kí ọ̀sán tó pọ́n rí.

Ẹ wá wo ohun tí ẹ̀rù máa ń ṣe. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ti sọ pé gbogbo ọmọ tuntun gbọ́dọ̀ fá orí kí wọ́n tó dé. Ìyá aláró mọ̀ pé irun orí ènìyàn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń jù sílẹ̀ nílé ẹni tó ń dúró de àyè rẹ̀. Ó bá fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ìlú Àtàn, lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ kan tí kò mọ̀ rí. Èmi náà kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n mo rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Abẹ rẹ̀ ti dógùn-ún. Àwọn kan ní òun náà ni wọ́n fi ń fín igbá. Orí tí ọmọ aláró gbé bọ̀ láti Àtàn dà bí ilẹ̀ tí adìyẹ tú. Ìyá rẹ̀ gbá gbogbo irun náà jọ, ó dì í sínú aṣọ, ó sì gbé e wálé bí ẹni gbé ìkókó. Irun dé láyọ̀. Orí ni kò dé láyọ̀. Kò pẹ́ tí ojú ọgbẹ́ náà fi wú, ara ọmọ náà gbóná, ibà gbé e dè.

Kò sí ẹni tó dárúkọ Àtàn. Ilé wa ni gbogbo àdúgbò ń wò.

Àga bàbá mi ṣófo. Ewúrẹ́ ń sùn lábẹ́ rẹ̀. Ní mọ́ṣáláṣí, ẹni tó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ a máa fi àyè tó gba ènìyàn sílẹ̀ láàárín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lèmọ́mù ń pariwo pé kí wọ́n sún mọ́ra. Lẹ́yìn ìrun Ásárì ọjọ́ kan, bàbá mi pè mí.

"Gbọ́. Láti òní lọ, ẹ̀mí ọmọ aláró ni ẹ̀mí rẹ. Bí ó bá lọ sódò, tẹ̀ lé e. Bí ó bá gun igi, dúró sísàlẹ̀, kí o tẹ́wọ́."

"Bàbá, bí òun bá lọ, èmi ò lọ mọ́ nìyẹn."

"Bí kò bá lọ, níbo ni ìwọ fẹ́ lọ? Ta ló máa jókòó kí n fá orí rẹ̀? Ta ló máa fún ọ lọ́mọ fẹ́?" Ó wo àga tó ṣófo. "Má jẹ̀ẹ́ kí ọmọ yẹn kú o."

Bí mo ṣe di olùṣọ́ ẹni tí mo ń dúró kí ó má dé nìyẹn. Mo ṣọ́ ọ débi pé mo mọ iye ìgbà tó ń húkọ́. Ejò kan dábùú ọ̀nà odò tí ó ń gbà lọ wẹ̀. Mo pa ejò náà. Ẹ má bi mí bó ṣe gùn tó; nígbà tí mo fọ́ orí rẹ̀ ní Sàngó, ìrù rẹ̀ ló sọ fún àwọn ará Joju. Ọmọ aláró yíjú padà, ó bá mi pẹ̀lú igi lọ́wọ́.

"Ṣé ò ń ṣọ́ mi ni?"

"Mo ń ṣọ́ ẹ."

"Kí n lè kú?"

"Kí o má baà kú, ọ̀dẹ̀!"

Ó jókòó sórí gbòǹgbò igi. Láti kékeré la ti jọ ń jí ìbẹ́pẹ jẹ. Ojú rẹ̀ ti wọnú, àwọn eṣinṣin ń dún yí orí rẹ̀ ká. "Ìyá mi ní o ti fi orúkọ mi sábẹ́ òkúta."

"Òkúta wo? Èmi tí mi ò lè sùn nítorí orí ẹ?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì fi ọwọ́ di orí mú, torí ẹ̀rín pàápàá ń dùn ún. Mo sáré lọ bá bàbá mi. Bàbá mi fún mi ní òrí àti álọ́ọ̀mù, òkúta funfun tí àwọn onígbàjámọ̀ fi ń pa ojú ibi tí abẹ bá ti gé ènìyàn. Mo gbé e fún un gba ẹ̀yìn ọgbà. Ìyá rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ mọ̀. Bó bá mọ̀, á ní májèlé ni. Ní gbogbo ìgbà tó bá ń fi í ra orí, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ fi ra tèmi níṣojú rẹ̀, kí ẹ̀rù má baà bà á. Orí mi dán nígbà yẹn débi pé àwọn ẹyẹ ń wo ojú wọn níbẹ̀. Ibà náà lọ. Okun kò tíì dé, ṣùgbọ́n ọgbẹ́ ti ń jinná nígbà tí ọjọ́ ìwọlé fi kò.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, bàbá mi mú mi lọ bá ìyá aláró níbi tó ti ń dúró de lọ́rì ní Sàngó, pẹ̀lú ọmọ àti àpótí. Nígbà tó rí mi, ó fa ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn.

"Kí ló ń wá níbí?"

"Òun ló máa ru ẹrù," bàbá mi wí. "Ìyá aláró, mo fi Kùránì búra. Bí ohunkóhun bá ṣe ọmọ yín lójú ọ̀nà, tèmi nìyí lọ́wọ́ yín. Ẹ kọ́kọ́ mú un."

Ìyá aláró wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ó sàn kí n máa rí i níwájú mi ju kó wà lẹ́yìn mi lọ. Gun ọkọ̀."

Lọ́rì bọ́lẹ̀kájà tí a wọ̀ ti dàgbà ju ẹni tó ń wà á lọ. Tó bá dé ìdí òkè, dẹ́rẹ́bà á bọ́ sílẹ̀, á bẹ̀ ẹ́. Mo jókòó ti ọmọ aláró, mo fi apá gbá a mú ní gbogbo ibi tí ọ̀nà bá ti rí gbágungbàgun, ìyá rẹ̀ sì ń wo apá mi bí ẹni ń wo eèrùn tó ń rìn lórí oúnjẹ. A ò jìnnà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì mọ́ nígbà tí táyà bẹ́. Dẹ́rẹ́bà wo táyà, ó wo ọ̀run, ó lọ jókòó sábẹ́ igi. Oòrùn ti pọ́n. A ń wo òrùlé páànù kọ́lẹ́ẹ̀jì lórí òkè, ó ń kọ mànà.

"Ẹ jẹ́ ká sáré," mo wí.

A sá díẹ̀. Ọmọ aláró jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Kò ṣeé ṣe mọ́. Ẹ fi mí sílẹ̀."

"Dìde!"

"Tí mo bá jókòó síbí, ìwọ lo máa wọlé." Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ńṣe ló sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò máa rọ̀.

Ìyá rẹ̀ gbọ́. Ó yí ojú sí mi. N kò lè gbàgbé ojú náà: kì í ṣe ojú ìjà mọ́, ojú ẹni tó mọ̀ pé agbára òun ti pin ni. Ẹ jẹ́ kí n má purọ́ níbi kan ṣoṣo yìí. Gbogbo ara mi ló fẹ́ jókòó tì í. Kò sí ohun tí mo ní láti ṣe. Kí n ṣáà máa mí, kí oòrùn wọ̀. Ibi tí ènìyàn lè ṣe láìṣe ohunkóhun yẹn bà mí lẹ́rù ju ejò lọ.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Gun ẹ̀yìn mi, jàre."

Mo pọ̀n ọ́n, mo gbé àpótí rẹ̀ rù, ìyá rẹ̀ gbé ẹní tẹ̀ lé wa. Eré tí mo sá lọ́jọ́ náà, lọ́rì tí wọ́n tún táyà rẹ̀ ṣe kò tíì bá mi títí di òní.

Agogo ti wà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ lù ú nígbà tí a já wọ ọgbà. Akọ̀wé ọ́fíìsì jókòó sí ìdí tábìlì níta. Ó béèrè orúkọ ọmọ aláró, ó fi gègé ìkọ̀wé sàmì sí i. Ìyá aláró jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó fi ọwọ́ dúdú méjèèjì bojú. Mo yí padà láti máa lọ sí ojú ọ̀nà lọ wá ọkọ̀ Ọ̀tà. Agogo dún. Òyìnbó ọ̀gá jáde, ó bá akọ̀wé sọ̀rọ̀, akọ̀wé sì gbóhùn sókè.

"Ó ku ẹnì kan tí kò dé. Ṣé adúródè kankan wà níbí?"

Àwọn adúródè tó kù wà nílé wọn, wọ́n ń retí kí wọ́n ránṣẹ́ pè wọ́n. Èmi nìkan ni ẹ̀rù lé débẹ̀.

"Èmi wà, sà."

"Ìlú wo?"

"Ọ̀tà, sà."

Gègé dúró. Akọ̀wé náà rọra fa àga rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. "Ẹni tí kò dé yìí, ṣé o mọ̀ ọ́n?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n rí, sà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó kọ orúkọ mi. "Gbọ́ ìlànà wa. Tí oṣù yìí bá parí, àyè di tìrẹ. Ṣùgbọ́n tí ẹni tó ni ín bá dé kí oòrùn tó wọ̀ ní ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù, tó sì mú ìwé dókítà dání, tiẹ̀ ni. O gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà."

Bí mo ṣe jókòó sórí àga ẹni ẹlẹ́ni nìyẹn. Àga tó dára ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ dọ́gba, ṣùgbọ́n n kò fi gbogbo ìdí jókòó lé e rí. Bí lọ́rì bá fọn fèrè lójú ọ̀nà, màá dìde. Bí tíṣà bá ń kọ́ wa ní ìṣirò, ọ̀nà ni mo ń wò. Àwọn tí a jọ ń gbé ti gbọ́ ìlú tí mo ti wá. Wọ́n sún bẹ́ẹ̀dì wọn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi títí wọ́n fi kó ara wọn jọ síbi ògiri kan bí ẹja inú agolo. Ọmọ aláró nìkan ló ń bá mi jẹun nínú abọ́ kan.

"Wọ́n ní o ti jẹ ẹ́," ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan.

"Jẹ ta ni?"

"Ẹni tó ni àga."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo dá okèlè ọwọ́ mi padà sínú abọ́. Bí ó bá ti kú ńkọ́? Tí mo bá kírun, mo máa ń bẹ Ọlọ́run kí ẹni náà má dé. Kí n tó sálámà parí ìrun, màá tún bẹ̀ Ẹ́ kí ẹni náà má kú. Ẹ̀rù àwọn àdúrà náà ń bà mí, torí n kò mọ èyí tí Ó máa gbọ́.

Oṣù ń gbó lọ. Ní ọjọ́ tó gbẹ̀yìn, wọ́n ní kí n lọ gé koríko ní ẹnu ọ̀nà. Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ nígbà tí mo rí àwọn méjì tó ń bọ̀: bàbá kan tó gbé àpótí sórí, àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń fi ọ̀pá rìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún wà nínú igi àti aṣọ tí wọ́n fi dì í. Mo mọ̀ ọ́n. N kò rí i rí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n. Àdá bọ́ lọ́wọ́ mi.

"O kú iṣẹ́, ọmọ," bàbá náà wí. "Ọ̀nà wo ló lọ sí ọ́fíìsì?"

Ọ̀nà pín sí méjì níbẹ̀. Ti òsì lọ sí ọ́fíìsì. Ti ọ̀tún lọ sí oko kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹni tó bá ń fi ẹsẹ̀ dídì rìn ín, oòrùn á wọ̀ bá a láàárín ẹ̀gẹ́.

"Kí ló ṣe ẹsẹ̀ yín?" mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin náà. N kò mọ ohun mìíràn tí mo lè sọ.

"Orí ọ̀pẹ ni mo ti já, nígbà tó ku díẹ̀ kí a wọlé." Ó gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀pá. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n ti fi ẹlòmíràn sí àyè mi?"

"Wọ́n ti fi sí i."

"Irú ènìyàn wo ni?"

Ẹnu mi ni, ẹ ti mọ̀ ọ́n báyìí. "Ènìyàn burúkú kan ni. Ọmọ Ọ̀tà ni."

Ojú bàbá náà yí. Ó wo ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀, ó wo orí òkè. "Mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní ọ̀pẹ lásán kọ́. Ọmọ, jọ̀ọ́, mú wa gba ibi tí kò ti ní rí wa."

Àwọn méjèèjì ń wojú mi. Ẹni tí wọ́n ń sá fún ni wọ́n ń bẹ̀. Ojú bàbá náà ni ojú ìyá aláró ní ẹ̀bá ọ̀nà, ó tún ti dé. Mo rí i pé tí mo bá nawọ́ sí ọ̀tún, ohun tí gbogbo ayé ti sọ nípa mi ní Ọ̀tà di òtítọ́ láti ọjọ́ náà lọ, kò sì ní sí ẹlòmíràn tí màá bínú sí.

Mo gba àpótí lórí bàbá náà. "Ẹ tẹ̀ lé mi. Ẹ yá ẹsẹ̀, oòrùn ò dúró de ẹnikẹ́ni."

Akọ̀wé wo ìwé dókítà, ó wo oòrùn, ó wò mí. "Ìwọ lo mú wọn wá?"

"Èmi ni, sà."

"Ṣé o mọ ẹni tí wọ́n jẹ́?"

"Mo mọ̀ wọ́n, sà."

Bàbá náà ń wo ẹnu mi, ẹnu akọ̀wé, ẹnu mi. Nígbà tó yé e, ó sún mọ́ ògiri. "Ọmọ, ìwọ ni ọmọ Ọ̀tà náà?"

"Èmi ni, bàbá. Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìrìn."

Òyìnbó ọ̀gá gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní ọmọ dáadáa ni mí, kí n gba fọ́ọ̀mù tuntun bí ọdún bá yí. Akọ̀wé ṣàlàyé ọjọ́ orí mi fún un. Òyìnbó mi orí, ó ní ó dun òun, ṣùgbọ́n ìlànà ni ìlànà. Ibẹ̀ ni mo ka ìwé dé. Ọmọ aláró sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ó ń fa imú bí ẹni tí ọ̀fìnkìn mú.

Mo padà sí Ọ̀tà. Ẹ̀rù ń bà mí láti wọ ìlú, torí n kò mọ ohun tí wọ́n máa sọ pé mo ṣe tí wọ́n fi lé mi. Àga bàbá mi ṣì ṣófo níwájú ilé. Bàbá mi wò mí. Ó ní kí n lọ pọn abẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ìyá aláró ń bọ̀. Ó fa àbígbẹ̀yìn rẹ̀ lọ́wọ́, ọmọ kékeré tí irun rẹ̀ ti kún bò ó létí. Ọmọ rẹ̀ ti kọ̀wé sí i láti kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ohun tó kọ, kò sọ fún wa. Ó dé ìloro wa, kò dúró síta. Ó wọlé, ó gbé ọmọ náà lé orí àga ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú, orí ọmọ náà sì gba òsì lọ.

"Ẹ bá mi fá a, bàbá onígbàjámọ̀."

Bàbá mi mú abẹ.

"Ọmọ yín ni kó fá a," ìyá aláró wí.

Mo gba abẹ náà. Mo da omi sí orí ọmọ náà, mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn etí. Ọmọ náà ti ń tòògbé. Ìyá rẹ̀ jókòó sí ẹ̀bá ẹsẹ̀ mi níbẹ̀, ó ká ọwọ́ dúdú méjèèjì sórí itan. Irun náà ń já bọ́ sílẹ̀ ilé wa, díẹ̀díẹ̀, ìyá aláró kò sì ṣà á.